Ṣé òróró igbó ń ran endometriosis lọ́wọ́ lóòótọ́? Kí ni ìwádìí sọ?

Ìbéèrè tó wọlé:

Ẹ káalẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Manchester ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 29 ni mí. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n yẹ inú mi wò, wọ́n ní endometriosis ni. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n fi mí sí kò ràn mí tó bó ṣe yẹ, èyí tí mò ń lò sí ìrora sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí nínú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Sydney ní dókítà ló kọ òróró igbó fún òun, pé láti ìgbà náà lòun ti ń rí oorun sùn. Mo dá a lábàá nílé, ọkọ mi fárígá. Ó ní òun kò lè fẹ́ obìnrin tó ń mugbó. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí rárá, àbí àwọn tó ń tà á ló kàn ń fi ìrora wa pawó? Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún mi.

* * *

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ lé lórí. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ti sọ kọjá ohun tó mọ̀. Ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mugbó lásán ni, kò tíì jókòó ka ohunkóhun nípa rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ àìsàn yìí: ẹran ara tó jọ èyí tó tẹ́ inú ilé ọmọ ló máa ń hù sí ibi tí kò yẹ kó hù sí, lára ibi tí ẹyin ń gbé, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀. Ara a máa wú níbẹ̀, á di àpá, àwọn nǹkan inú á lẹ̀ mọ́ra wọn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 190 obìnrin, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn fi ẹ̀rọ wo inú àwọn obìnrin tí nǹkan kan ń ṣe lábẹ́, wọ́n bá a lára èyí tó súnmọ́ ìdajì wọn.

Èmi fúnra mi wà nínú wọn. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí mi lára, mo wà ní SS1. Tí nǹkan oṣù bá ti dé, ìyá mi á po Alábùkún mọ́ omi, á ní kí n gbé e mu, á ní, "Fara dà á, tó o bá ti bímọ, á lọ." Èmi náà á da omi gbígbóná sínú ìgò pílásítíìkì, n ó fi ìró wé e, n ó gbé e sí abẹ́ ìdodo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lálaalẹ́ nìyẹn, oṣù dé oṣù. Awọ ibẹ̀ ṣì ní àmì títí di òní, ó rí bí àwọ̀n apẹja, ó dúdú ju ara yòókù lọ. Ọmọ ọdún 27 ni mí kí dókítà kankan tó pe orúkọ àìsàn náà sí mi létí. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè dá obìnrin tó ń wá ìrọ̀rùn lẹ́bi, ibi yòówù kó máa wá a dé.

* * *

Nínú ẹ̀yin tó kọ̀wé sábẹ́ ìbéèrè yìí, ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ ti mú nọ́ḿbà ìwádìí kan láti Australia wá síbí, kálukú sì ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ ká là á.

Ní ìparí ọdún 2017, àwọn olùṣèwádìí ní Western Sydney University, Justin Sinclair àti Mike Armour wà lára wọn, gbé ìwé ìbéèrè sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn obìnrin tó ní endometriosis, láti ọmọ ọdún 18 dé 45. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé: kí lẹ̀ ń ṣe fúnra yín nílé tí ìrora bá dé? Obìnrin 484 ló dáhùn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 76 ní ó ní ohun tí àwọn ń ṣe. Nínú àwọn 76 yìí ni ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ti sọ pé àwọn ń lo igbó. Wọ́n ní kí wọ́n fi máàkì sí i láti òdo dé mẹ́wàá, igbó gba 7.6. Ó ju ìdajì àwọn tó lò ó tó ní àwọn ti dín oògùn ilé ìwòsàn tí àwọn ń lò kù, ó kéré tán, sí ìlàjì.

Ibi tí àwa èèyàn ti ń ṣì í kà ni pé a máa ń sọ pé "obìnrin 484 ní ó ṣiṣẹ́." Rárá o. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 484 kò tó 370. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn kò tó àádọ́ta. Ohùn àádọ́ta obìnrin la ń gbọ́. Ohùn gidi ni, mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ṣùgbọ́n àádọ́ta ni. Àwọn tó ṣì ń lò ó ló sì fún un ní máàkì, torí ẹni tó tọ́ ọ wò tí kò bá a lára mu á ti pa á tì.

Ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tí ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu bà, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn. Ooru, ìyẹn ìgò omi gbígbóná yẹn náà, gba 6.52. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lò ó. Àlàfo àárín òun àti igbó kò fẹ̀ tó bí ariwo tí à ń pa.

* * *

Sí arákùnrin tó kọ̀wé láti Houston.

Ẹ ṣeun fún bí ẹ ṣe dúró ti ìyàwó yín. Àmọ́ "obìnrin 16,000 ní Kánádà" tí ẹ kọ pé wọ́n ti lo igbó yẹn, kì í ṣe obìnrin 16,000. Obìnrin 252 ni. Áàpù kan wà lórí fóònù níbẹ̀, Strainprint lorúkọ rẹ̀, tí ẹni tó bá lo igbó ti máa ń kọ bí ara ṣe rí kó tó lò ó àti bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín oṣù kẹrin 2017 àti oṣù kejì 2020, àwọn 252 yìí kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà 16,193. Ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tó kọ ọ́ nígbà igba. Àwọn olùṣèwádìí Australia kan náà ló yẹ àkọsílẹ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021.

Ohun tí èmi mú níbẹ̀ nìyí. Ìrora ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lò ó jù. Èyí tí wọ́n fà símú ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìrora ju èyí tí wọ́n gbé mì lọ, ṣùgbọ́n fún ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì àti inú tó ń dà rú, èyí tí wọ́n gbé mì ló sàn jù. Ìyẹn wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣètò ìgbìdánwò tó péye lọ́la, torí ó fi ibi tó yẹ kó wò hàn án. Ṣùgbọ́n kò sí àwọn mìíràn tí wọn kò fún ní nǹkan kan tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Ìrora nǹkan oṣù sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ta ló máa sọ èyí tí igbó pa nínú ẹ̀ àti èyí tí aago pa?

* * *

Ẹnì kan bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ń sọ pé irọ́ ni àwọn obìnrin ń pa ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mí, torí wọ́n ti bi èmi náà bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá dókítà.

Wọn ò parọ́. Ẹni tó ní òun sùn, ó sùn. Ohun tí mò ń wí ni pé ìrora gbọ́ràn sí ìrètí lẹ́nu. Ní 2022, àwọn olùṣèwádìí ní Karolinska, yunifásítì ìṣègùn kan ní Sweden, kó ìgbìdánwò 20 jọ lórí oríṣiríṣi ìrora, èèyàn 1,459 ló wà nínú wọn. Àwọn kan gba oògùn tí wọ́n fi igbó ṣe, àwọn yòókù gba èyí tó jọ ọ́ ní ìrísí tí kò sí oògùn nínú ẹ̀. Àwọn tó gba èyí tí kò ní nǹkan nínú náà rí ìrọ̀rùn tó pọ̀, tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín wọn kéré. Wọ́n tún rí i pé ìwé ìròyìn ń gbé igbó ga, yálà èsì dára ni o tàbí kò dára. Ẹni tó ti ka ìròyìn ayọ̀ kó tó gbé oògùn sẹ́nu ti ń retí ìrọ̀rùn kó tó gbé e mì.

Ìṣòro mìíràn ni pé THC, ìyẹn èyí tó ń gun èèyàn lórí nínú igbó, kò ṣeé fi pamọ́. Ẹnu á gbẹ, ojú á pọ́n, ara á fúyẹ́. Ẹni tí wọ́n fún á mọ̀, ẹni tí wọn ò fún náà á mọ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní yé e? Èyí wà lára ohun tó ń fa ìgbìdánwò tó péye sẹ́yìn, kì í kàn án ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra wa. Owó àti òfin náà ń dí i lọ́wọ́, mi ò ní purọ́.

Kò túmọ̀ sí pé kò sí ìdí láti ní ìrètí. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun tó jọ igbó. Ní 1992, wọ́n rí ọ̀kan nínú ẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n pè é ní anandamide. Ojú ibi tí ó ti ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú iṣan ìmọ̀lára, ó sì wà nínú ilé ọmọ pàápàá. Ní Barcelona, Yunifásítì Pompeu Fabra gbé ẹran ara ilé ọmọ sínú ikùn eku kó lè dà bí endometriosis, wọ́n wá ń fún wọn ní THC díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìrora àwọn eku náà dínkù, kókó inú wọn kò sì dàgbà tó ti àwọn tí wọn ò fún. 2020 ni wọ́n gbé e jáde. Eku ni. Àmọ́ eku ò ka ìwé ìròyìn, ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìyẹn sí ohun tó tó gbé lé orí tábìlì.

* * *

Ọkọ rẹ ńkọ́? Jọ̀ọ́, jẹ́ kó ka èyí.

Ọkọ àbúrò mi, mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ "igbó" ń ṣe nínú ọmọ Yorùbá tó tójú bọ́. Ẹ̀yìn ilé ìwé, àwọn ọmọ ìta, ọlọ́pàá, ẹni tí orí rẹ̀ dà rú ládùúgbò. Mo dàgbà sí i bíi tìrẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2018 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí dókítà tó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ fún aláìsàn. Òróró ni, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ iye rẹ̀ sára ìgò. Ìyàwó rẹ kò ní kó sínú ẹgbẹ́ kankan.

Òdì kejì rẹ̀ ni pé NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ fún irú ìrora yìí. NICE, tó ń là á lẹ́sẹẹsẹ fún wọn ohun tí wọ́n lè lò, sọ ní oṣù kọkànlá 2019 pé kí wọ́n má fi THC tọ́jú ìrora tó ti pẹ́ lára, kí wọ́n má sì lo CBD, ìyẹn èyí tí kì í gun èèyàn lórí nínú igbó, fún un àyàfi nínú ìgbìdánwò. Nítorí náà, ilé ìwòsàn aládàáni ló kù, owó àpò ara ẹni ni, oṣooṣù sì ni. Tí ẹ bá fẹ́ jà, orí owó yìí ni kẹ́ ẹ ti jà.

* * *

Ẹni tó béèrè láti Abẹ́òkúta bóyá èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tí àwọn alágbo ń tà lè ṣe é.

Rárá. Mo bẹ̀ yín, rárá. Kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ẹ̀, ọtí ń bẹ níbẹ̀, àwọn kan sì ń da tramadol mọ́ ọn. Nàìjíríà kò tíì gba igbó láàyè, bí oògùn tàbí bí ohun mìíràn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà àwọn obìnrin, kí ẹ pe orúkọ endometriosis sí wọn létí fúnra yín.

* * *

Ọ̀rọ̀ CBD orí káńtà.

Ọ̀pọ̀ yín lẹ ní ẹ ra òróró CBD ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kò ṣe nǹkan kan. Èmi náà rà á, ní 2021. Mo ń kán an sábẹ́ ahọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń korò bí ewé tútù, mo ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Inú rírun mi kò yí padà. Mo wá jókòó ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò oògùn ní wọ́ọ̀dù. Èyí tí mò ń kán lójúmọ́ kò ju mílígíráàmù 20 lọ. CBD tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní wárápá líle, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018, mílígíráàmù 10 sí 20 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan ara lójúmọ́. Ẹni tó wọn 60 kílò á lo 600 sí 1,200. Ẹ ò rí i pé ohun tí a rà àti ohun tí wọ́n fi ṣèwádìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà?

Kẹ́nikẹ́ni má sì torí èyí máa da ìgò gbè o. Oúnjẹ afáralókun ni wọ́n ń pe ti ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ òfin, wọn kì í pè é ní oògùn. Láti oṣù kẹwàá 2023, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le má kọjá mílígíráàmù 10 lójúmọ́. Tí CBD bá pọ̀, ó lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, ó sì lè mú kí oògùn mìíràn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà lára wọn, àwọn oògùn wárápá kan náà sì wà.

Fún àwọn tí dókítà kọ èyí tó ní THC fún, ohun tí mo ti rí tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé wọ́n á gbé e mì, ìṣẹ́jú ogójì á kọjá, ìrora ò lọ, wọ́n á tún gbé òmíràn mì. Èyí tí a gbé mì lè gba wákàtí kan sí méjì kó tó dé ibi tó ń lọ. Méjèèjì á wá dé pọ̀. Òòyì á kọ́ wọn, ọkàn á máa lù kìkì, wọ́n á rò pé àwọn ń kú lọ. Ẹ fún un láyè.

* * *

Ọmọ bíbí. Ibí yìí ni mo ti ń bá àwọn ìyá wa jiyàn jù, mi ò sì ní dákẹ́ lórí ẹ̀.

Obìnrin kan kọ ọ́ sókè pé òun lò ó títí òun fi lóyún, ọmọ òun sì dá ṣáṣá. Mo bá yín yọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ní àìsàn yìí ló ń wá ọmọ lọ́wọ́, òun ló ń gbé wa dé ilé ìwòsàn pàápàá. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ACOG, sọ ọ́ kedere: ẹni tó lóyún àti ẹni tó ń gbìyànjú láti lóyún, kó jáwọ́ nínú igbó, títí kan èyí tí wọ́n pè ní oògùn. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, náà kìlọ̀ nípa CBD nínú oyún àti nígbà tí a bá ń fọ́mú fọ́mọ. Ọmọ kan tó dá ṣáṣá kò pa ìkìlọ̀ yẹn rẹ́, gẹ́gẹ́ bí àádọ́ta obìnrin Australia kò ṣe fìdí ìwòsàn múlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n kan náà wọn méjèèjì.

Nítorí náà, àbúrò mi, tó o bá ń wá ọmọ lọ́dún yìí, ọ̀nà yìí kọ́ ni kó o gbà. Tó bá jẹ́ ọjọ́ iwájú ni, ó di ohun tí a lè gbé yẹ̀ wò.

* * *

Ìrìnnà, ní kíákíá. Má gbé e lọ sí Èkó. Ìwé dókítà Manchester ò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ NDLEA ní Ìkẹjà. Ní ti mọ́tò, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún láre, tí kò bá ti mú un débi tí kò lè wakọ̀ dáadáa, torí náà fi ìwé rẹ sínú mọ́tò. Ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Sydney kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Tí ọlọ́pàá bá rí THC nínú itọ́ rẹ̀, ẹjọ́ ni, bí dókítà tilẹ̀ kọ ọ́ fún un.

* * *

O tún bi mí pé kí ni èmi ì bá ṣe tí mo bá wà ní ipò rẹ.

N ó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà, n ó sọ fún un pé oògùn yìí kò ràn mí. Oríṣi ìtọ́jú tó ń gba ọ̀nà hòmóònù pọ̀: oníhóró wà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ wà, abẹ́rẹ́ tó ń dá nǹkan oṣù dúró wà, iṣẹ́ abẹ náà sì wà. Ẹyọ kan lo ṣì tọ́ wò. N ó sọ pé oògùn ìrora ń ta mí nínú, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi èyí tó ń dáàbò bo inú kún un. Lẹ́yìn èyí, tí òróró yìí bá ṣì wà lọ́kàn mi, n ó béèrè bóyá ìgbìdánwò kan wà tí mo lè wọ̀. Níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á fún mi, wọ́n á máa ṣọ́ mi, ìrora mi á sì di ìdáhùn fún ẹlòmíràn.

Ohunkóhun tó o bá pinnu, má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, obìnrin kan fi pa mọ́ títí di àárọ̀ iṣẹ́ abẹ, ojú ló ń tì í nítorí ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Èmi ni mo bá a rìn dé ilé ìwẹ̀, ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ fún dókítà tó máa fi í sùn, torí ẹni tó ń lo igbó déédéé lè nílò ju iye tí wọ́n máa ń fún èèyàn láti sùn lọ. Ó gbà. Wọ́n ṣètò rẹ̀, ó sùn dáadáa, ó jí dáadáa. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ títí dòní.

* * *

Mo ti rí èyí tó o kọ lálẹ́ àná, pé ọjọ́bọ̀ ni wàá rí dókítà, pé ọkọ rẹ á bá ọ lọ. Inú mi dùn.

Mú ìwé kékeré kan. Kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, iye pádì, ìrora láti òdo dé mẹ́wàá, ọjọ́ tó ò lè lọ síbi iṣẹ́, àti bóyá ìgbẹ́ tàbí ìbálòpọ̀ ń dùn ọ́. Kọ gbogbo ohun tó ò ń lò, títí kan àgbo tí ìyá ọkọ rẹ fi ránṣẹ́.

O tún béèrè bóyá kó o fi awọ ikùn rẹ hàn án, pé tìrẹ náà ti dúdú bíi tèmi nítorí ìgò omi gbígbóná, pé ojú ń tì ọ́. Fi hàn án. Ká aṣọ sókè, kó o sọ iye ọdún tó o ti ń gbé e síbẹ̀.